Gígé Àyọkà àti Gbígbé E Jáde: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọmọ fún Ìdíje

Lórí ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù ìdíje kíka àyọkà, kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn rárá. Ilé ẹ̀kọ́ á mú ọmọ tí ohùn rẹ̀ já gaara, wọ́n á kó ojú ìwé mẹ́rin fún un pé kó lọ há a sórí. Tọ́jọ́ bá pé, á máa sáré kà á bí ẹni òjò ń lé, agogo á sì lù kó tó dé ibi tí ìtàn ti dùn. Ohùn ọmọ ò lẹ́bi. Àyọkà ni wọn ò gé.

Òfin ìdíje ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé ìwé lè wà lọ́wọ́, àbí orí ni ọmọ ó ti kà á? Ṣé wọ́n fàyè gba aṣọ eré? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ National Speech & Debate Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ń fún ẹni tó ń ṣe àyọkà eré ní ìṣẹ́jú 10, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 30 lé e. Kò sí aṣọ eré, kò sí nǹkan èlò kankan. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló jọ ń ṣe é, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ wo ara wọn lójú àfi nígbà ìfáárà. Òfin tiyín lè má le tó yẹn, àmọ́ ẹ fi kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá lè di ìyá àgbà láìmú ọ̀pá dání, ìdíje tí wọ́n ti ka ọ̀pá léèwọ̀ ò ní dà á láàmú.

Ibi tí ẹnì kan ti ń fẹ́ nǹkan, tí nǹkan mìíràn sì ń dí i lọ́wọ́, ni kẹ́ ẹ mú. Ohùn ẹ̀dá ìtàn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ní ilẹ̀ Ọ̀kún níbí, lọ́dọ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, oríkì ìlú tí ìyá àgbà kan mọ̀ dáadáa lè lágbára ju ewì inú ìwé lọ. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe pè é gan-an, kẹ́ ẹ sì dárúkọ orísun rẹ̀ nínú ìfáárà. Bó bá kan egúngún tàbí ìsìn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ṣeé gbé jáde fún gbogbo ayé.

Ó wá kan gígé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sókè fún ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa kà á níwájú adájọ́, kẹ́ ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó dé. Ká ní ó jẹ́ 95, tí ìdíje sì jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Ẹ yọ ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún ìfáárà, ẹ yọ ààbọ̀ míì fún ìdánudúró àti àtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú 4 ló kù, ìyẹn ọ̀rọ̀ 380. Ohun tó bá lé sí i, ẹ gé e.

Èwo lẹ ó gé? Gbogbo “ó ní” àti “ó dá a lóhùn”, àti àpèjúwe tí ojú ọmọ lè ṣe fúnra rẹ̀. Bí ìwé bá wí pé: “‘Mi ò lọ,’ ni Bọ́sẹ̀ fi ìbínú dáhùn, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀,” “Mi ò lọ” nìkan ni kí ọmọ sọ, kó sì yíjú. Ọ̀rọ̀ 14 ti di 3, ó sì tún dùn sí i. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín kún ti òǹkọ̀wé o. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ibi tó bá ti béèrè pé “Ta nìyẹn?”, ẹ dá ohun tẹ́ ẹ gé níbẹ̀ pa dà.

Ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń wò, lókè orí àwọn èrò díẹ̀: ọ̀kan sọ́tùn-ún díẹ̀, èkejì sósì díẹ̀. Orí ni kó yí, kì í ṣe gbogbo ara. Bí ojú bá ń rìn kiri, adájọ́ ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó ń ba ti Yorùbá jẹ́ jù ni orin àkàsórí tí ọmọ ti kọ́ láti kíláàsì kìíní, tí wọ́n jọ ń pariwo ewì pọ̀. Gbogbo ìparí gbólóhùn á máa gòkè, àmì ohùn á dàrú, ìtumọ̀ á sì sọnù. Oògùn rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ sọ ìlà náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, kó wá gbé ohùn kan náà lọ sórí pèpéle. Bó bá fẹ́ bínú, kó gbé odindi gbólóhùn sókè, kó má gbé sílébù ìkẹyìn nìkan. Ní ti èdè àdúgbò, tí òfin bá gbà á, kí asọ̀tàn sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ìyá àgbà ará Kàbà sì sọ Owé, èdè àdúgbò tiwọn. Ẹ má fi ẹ̀gàn lé Ìyàgbà tàbí Ìjùmú kúrò lẹ́nu ọmọ. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn yàtọ̀ síra.

Fún iyàn jíjà àti ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀, ẹ gé ìkíni kúrú. Kíkí alága, adájọ́, olùṣọ́ àkókò àti akẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ń jẹ àkókò tí kò ní máàkì nínú. Gbólóhùn kan ti tó.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣe ìdánrawò láìsí máíìkì, torí iná lè lọ. Bí òjò bá ń lu páànù, kí ọmọ dín eré kù, kó má pariwo. Lásìkò ọyẹ́, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Tó bá ti Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja, kó má ka àyọkà sókè nínú mọ́tò: ariwo ọ̀nà á mú un lọgun, ohùn á há.

Bó bá gbàgbé ìlà kan, kó dúró sínú ẹ̀dá ìtàn náà, kó mí, kó bọ́ sí ìlà tó bá rántí lẹ́yìn rẹ̀. Kó má bẹ ẹnikẹ́ni, kó má sì pa dà sí ìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ tí kò ní ìwé àyọkà lọ́wọ́ lè má mọ̀ rárá pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.