Bí àbàwọ́n funfun ṣe kúrò lára fèrèsé tí mo ń fọ̀
Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù níbí kún fún ẹfun. TDS rẹ̀ (ìwọ̀n àwọn nǹkan tó yòrò sínú omi) máa ń tó nǹkan bí 300 ppm, ìyẹn ìdá 300 nínú mílíọ̀nù kan. Tó bá gbẹ lára gíláàsì, àmì funfun tóótòòtó ló ń fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kó gba inú táǹkì resin kọjá, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tó ń yọ àwọn nǹkan náà kúrò nínú omi.

Resin tuntun ló wà nínú tèmi, síbẹ̀ mítà tó ń wọn TDS omi tó jáde nínú rẹ̀ ń ka 38, dípò 0. Mo tú ìdérí rẹ̀: resin ti wálẹ̀, omi sì ti la ihò tóóró kan gba àárín rẹ̀, kò kan èyí tó kù rárá. Mo gbọn táǹkì náà títí tó fi kì, mo bu resin kún un, mo ti ọ̀pá omi tó wà láàárín táǹkì wọlé dáadáa, mo sì dín bí omi ṣe ń tú wọlé kù. Mo da omi àkọ́kọ́ nù. Lẹ́yìn náà, mítà ka 0! Inú mi dùn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo mítà kí ẹ tó gbé ọ̀pá tí a fi ń fọ fèrèsé. Tó bá ti kọjá 10, tí resin sì kì dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ gbé táǹkì wọlé, torí pé tí omi inú rẹ̀ bá dì, ó lè ba resin jẹ́.