Ẹ Yé Fowó Ra Ẹwà Kajú

Mo ń yan kajú tà ní ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, ojú mi sì ń rí nǹkan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kajú dára lára, owó ni yóò kọ́kọ́ fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde, kí inú mi lè fúyẹ́.

Àkọ́kọ́: ẹ yé wá odindi kiri. Àǹtí kan dé lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ìgò mi sókè sí oòrùn, ó ń yí i bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò. "Ìyá oníkajú, èyí ti fọ́ o. Ọkọ mi ni mo fẹ́ rà á fún, torí ìlera." Mo ní, "Àǹtí mi, torí ìlera náà ni mo ṣe ní kí ẹ mú àfọ́kù." Ó yọ ṣùtì ètè sí mi, ó san owó odindi. Owó ẹwà ló san yẹn! Ọ̀rá inú odindi náà ló wà nínú àfọ́kù, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ irú tó wà nínú òróró ólífì, tí ọkàn ń fẹ́. Amúaradàgbà kì í sá jáde nígbà tí kóró bá là sí méjì. Àwọn èròjà tí ara ń lò náà ńkọ́? Magnesium ò dà nù, copper ò dà nù. Eyín yín náà á ṣáà fọ́ ọ! Odindi dára fún àlejò. Èmi gan-an, àfọ́kù ni mò ń jẹ nílé. Ẹ pè mí ní ahun.

Ìkejì: ẹ má jẹ ìgò kan tán níjòókòó kan. Ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi kóró 18, ìyẹn gíráàmù 28, ti ní kálórì bíi 157, amúaradàgbà gíráàmù 5 àti magnesium bíi mílígíráàmù 80. Ó tó. "Ó ṣáà dára lára" ni wọ́n á máa wí, ṣòkòtò á sì máa fún wọn.

Oníyọ̀ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru: rárá.

Ìkẹta, àbí ìkẹrin ni: ẹ má ra eléèpo tútù torí pé owó rẹ̀ kéré. Mo ti ṣe é rí, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Láfẹ́nwá, kí n tó mọ iṣẹ́. Ọ̀mùgọ̀ fi eyín la èèpo! Oje inú èèpo yẹn ń jó ara bí iná. Ètè mi wú, ó bó. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi ìborùn bo ẹnu lọ sọ́jà, tí wọ́n ń bi mí bóyá oyin ló ta mí. Bí ẹ bá sì jù ú síná, oje náà á máa ta pàpàpà, èéfín rẹ̀ á gba ojú yín.

Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ooru á ba ọ̀rá rẹ̀ jẹ́, á máa rùn bí òróró tó ti pẹ́.

Ẹni tí kajú bá ń mú ara rẹ̀ yún tàbí tó ń mú ètè rẹ̀ wú, kó jáwọ́ pátápátá, kó má dán "díẹ̀" wò.

Àǹtí ọjọ́ Sátidé yẹn padà wá lánàá. Ó ní ọkọ òun ò léyín iwájú mọ́, òun máa ń gún un lódó fún un ni. Odindi ló tún rà.