Ẹ̀yin ọmọ Okun tó ń bọ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ tètè wá ilé ìkàwé àdúgbò yín

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò láti Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi, yálà ilé ẹ̀kọ́ lẹ ń bọ̀ wá lọ tàbí iṣẹ́, ìbéèrè yín kì í sábà kọjá aṣọ òtútù, owó ilé àti ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, ibo lẹ ó máa jókòó sí láàárín èèyàn?

Nílé, a kì í wá irú ibẹ̀ kiri. Ojúde ọba wà, abẹ́ igi wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba owó ìjókòó lọ́wọ́ ẹni. Níbí, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ yín yóò kọ́kọ́ háyà. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a máa ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé kọfí sì fẹ́ kí ẹ ra nǹkan kí ẹ tó jókòó. Ìdáwà inú yàrá yẹn le ju òtútù lọ. Ilé ìkàwé ni ojúde ọba tiwọn: ẹ wọlé, ẹ jókòó, kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí lẹ fẹ́ rà.

Òfin ló gbé e kalẹ̀, kì í ṣe àánú. Láti ọdún 1850 ni wọ́n ti gbà kí ìlú máa fi owó orí dá ilé ìkàwé sílẹ̀, òfin ọdún 1964 sì sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní England àti Wales. Bí ẹ bá ń gbé ní àgbègbè káńsù kan, tàbí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí ibẹ̀ lẹ ti ń kàwé ní kíkún (full-time), ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: “no recourse to public funds” tó wà lórí físà, ìyẹn pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Owó ìrànwọ́ bíi Universal Credit àti ilé káńsù ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Ilé ìkàwé kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ẹ mú ìwé tó fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín hàn dání, wọn yóò fún yín ní káàdì. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi wáṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, ẹ ó san owó díẹ̀. Nígbà tí ìdánwò Life in the UK, tí ẹni tó bá fẹ́ gbé níbí títí tàbí di ọmọ ìlú ń ṣe, bá kàn yín, ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹ wá ìwé rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó náwó rà á.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní wákàtí orin fún ọmọ ọwọ́, Rhyme Time ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ìyá tí kò mọ ẹnì kankan ti ń rí ìyá mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé òpópónà kan náà. Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lórí eyín ọmọ, á dé orí ilé ẹ̀kọ́ tó dáa àti dókítà tó ń gbọ́ tẹni. Kò sí fóònù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bí màmá tàbí bàbá bá sì wá kí yín láti ilé, ẹ mú wọn dání lọ. Inú ilé nìkan kò yẹ àgbàlagbà tó ti bá ọjà Kàbà dàgbà.

Àwọn ilé ìkàwé kan tún máa ń fi yàrá wọn háyà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpàdé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Okun, ẹ béèrè kí ẹ tó san owó ńlá fún gbọ̀ngàn.

Láti ọdún 2010 ni ọ̀pọ̀ káńsù ti ń ti ilé ìkàwé pa tàbí dín wákàtí wọn kù nítorí àìtó owó, ó sì ń dùn mí. Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ àti àkókò tí tiyín máa ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì káńsù kí ẹ tó gbé ọmọ jáde sínú òtútù.