Ẹ Yé Fi Orúkọ Ra Mọ́tò Amẹ́ríkà

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò mọ́tò tó fẹ́ rà ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Mo ṣí i. Kò sí ẹ́ńjìnì níbẹ̀, kò sí táyà, kò sí nọ́ńbà ṣáásí tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ gíláàsì iwájú. Àmì tó wà láàárín sítíárìn nìkan ló yà. "Ẹ̀gbọ́n, Chrysler Pacifica 2017 ni. Ṣé ó dáa?" Mo ní kí ni kó dáa, ṣé àmì ni àbí mọ́tò? Ó ti san àsansílẹ̀ kó tó bi mí.

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ra mọ́tò ní gbàǹjo ní Houston níbí, tí mò ń dì í sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Mi ò ní purọ́ pé mi ò gbówó dànù rí, ẹ máa gbọ́ tèmi náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ yìí ṣe ń fowó ṣòfò lórí orúkọ lásán ti sú mi. Ọ̀rọ̀ ibodè àti ìwé ọkọ̀, ó ti yẹ kí ẹ mọ ìyẹn. Orí ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo ti fẹ́ bá yín wí lónìí.

1. Ẹ má rò pé orúkọ tó yàtọ̀ ni mọ́tò tó yàtọ̀.

Nígbà kan, iléeṣẹ́ General Motors (GM) to orúkọ àwọn mọ́tò rẹ̀ bí àkàbà. Alfred Sloan, ọ̀gá wọn, ló tò ó ní àwọn ọdún 1920: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rówó á bẹ̀rẹ̀ ní Chevrolet, á gun Pontiac, á gun Oldsmobile àti Buick, títí á fi dé Cadillac. Bí ará àdúgbò bá ti rí mọ́tò tó wà níwájú ilé yín, wọ́n ti mọ ibi tí owó yín dé. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ ara wọn da àkàbà náà rú. Fún 1982 wọ́n mú Chevrolet Cavalier, wọ́n fi awọ bo àga rẹ̀, wọ́n lẹ àmì Cadillac mọ́ ọn, wọ́n sọ ọ́ ní Cimarron. Wọ́n fi agbádá òfì wọ ọmọ iléèwé, wọ́n wá ní kí ará ọjà dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó fi di 1988, Cimarron ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo Chevrolet Traverse, GMC Acadia, Buick Enclave àti Saturn Outlook ti 2009. Ìbẹ́rin ni wọ́n, aṣọ nìkan ni ìyá wọn pààrọ̀ fún wọn. Ẹ́ńjìnì 3.6 kan náà ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí òkìkí ti kàn pé ṣéènì táímìǹ rẹ̀, tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì máa yí lásìkò, máa ń nà ṣáájú àkókò. Ṣéènì yẹn ò ní béèrè bóyá owó Buick lẹ san kó tó nà.

Pontiac Vibe ńkọ́? Toyota Matrix ni, ọmọ ìyá Corolla. Iléeṣẹ́ tí GM àti Toyota jọ ní nígbà náà ní Fremont, ní California, ni wọ́n ti kàn án. Mo rí ti 2005 kan ní gbàǹjo, gbogbo èèyàn ń gbójú fò ó. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo rí ẹ́ńjìnì Corolla 1.8, inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Oṣù méje gbáko ni mọ́tò yẹn fi jókòó ní Agége, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ Pontiac sétí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi gbé e níkẹyìn, èrè kankan ò sí níbẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín wí yìí, orúkọ ti lù mí rí.

2. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù: ẹ má rò pé orúkọ kan náà ni mọ́tò kan náà.

Nílé wa, bí bàbá àgbà bá lọ tí wọ́n bí ọkùnrin tẹ̀ lé e, Babátúndé ló ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rò pé bàtà bàbá àgbà máa bá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ pé Blazer padà dé ní 2019, ẹ ti rò pé Blazer tí bàbá yín mọ̀ ni, èyí tí wọ́n gbé ka férémù bíi ti pickup. Tuntun yẹn ò ní irú férémù bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kàn án. Hummer kú ní 2010, ó jí sọ́wọ́ GMC, iná mànàmáná ló sì ń mu báyìí. Ẹ bá mi kí NEPA. Mustang Mach-E tó jáde fún 2021 ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, kò ní ẹ́ńjìnì rárá. Pacifica ti 2004 sí 2008, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń ṣí síta. Ti 2017, báàsì ìdílé ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ti Taurus ló tún lé kenkà. Ford dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2006; mọ́tò kan tó ń jẹ́ Five Hundred ló ti bí láti rọ́pò rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Alan Mulally kúrò ní Boeing wá di ọ̀gá Ford, ó sì béèrè ohun tó dé tí wọ́n fi ju orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ nù. Ni wọ́n bá lẹ Taurus mọ́ Five Hundred fún 2008. Nítorí náà, Five Hundred 2007 àti Taurus 2008 jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, àmọ́ Taurus 2006 àti Taurus 2008 ò bára tan.

Kí n tó mọ èyí, oníbàárà kan ní Abẹ́òkúta ní kí n bá òun ra iná iwájú Taurus. Mi ò béèrè ọdún. Kí ni mo fẹ́ béèrè? Ṣebí ọ̀gá ni mí. Iná dé Abẹ́òkúta, kò tiẹ̀ fẹ́ sún mọ́ ojú ihò. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ọ̀kan dá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dúró.

3. Ẹ má sanwó láìka nọ́ńbà ṣáásí.

Mẹ́tàdínlógún ni, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án; 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò. Lára mọ́tò Amẹ́ríkà, ìkẹjọ ló sábà máa ń sọ irú ẹ́ńjìnì. Ìkẹwàá ni ọdún: 1 sí 9 ni 2001 sí 2009, A ni 2010, B ni 2011, ẹ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀. H ni 2017. Ẹ fo I, J ni 2018.

Àwọn tó kù, mi ò ráyè fún wọn ní nọ́ńbà.

Mercury, orúkọ kan tí Ford fi ń ta mọ́tò tẹ́lẹ̀, ti kú, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ wà láyé: Mercury Mariner ni Ford Escape, Mercury Milan ni Ford Fusion, ẹ̀yà Ford ni kí ẹ wá.

Ram, pickup tó ń jẹ́ Dodge Ram tẹ́lẹ̀, ti kó kúrò nílé Dodge láti 2009, ó ti dá orúkọ tirẹ̀ jẹ́.

Ẹ má torí àmì SS tàbí SRT lẹ́yìn bọ́ọ̀tù, tó ń sọ pé mọ́tò náà lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, fi owó kún owó. Wọ́n ń ta àmì lọ́tọ̀, kò sì wọ́n.

Lincoln, háà. MKS, MKT, MKX, MKZ, MKC: ábídí ni wọ́n ń kọ́ wa. Lọ́dún kan, mò ń fi fóònù du mọ́tò ní gbàǹjo, mò ń jẹun lọ́wọ́. MKX ni mo fẹ́, jíìpù. Àtàǹpàkò mi tẹ MKZ. Ìgbà tí mo débẹ̀ láti gbé e, mọ́tò pẹlẹbẹ kan ni mo bá, akọ̀wé wọn sì ń kí mi kú oríire. Ábídí yẹn padà sú Lincoln fúnra wọn: MKX di Nautilus ní 2019, MKC di Corsair ní 2020.

Ọmọ Ìbàdàn yẹn, mo ní kó padà sídìí mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó máa ka nọ́ńbà fún mi níkọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2. Mo ní ó dáa, Kánádà. Ó kà á dé ìkẹsàn-án, ó dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Ìkẹwàá ńkọ́?"

"Méje ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kó bá mi wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ṣé ó ń yọ̀ ni àbí ó ń ṣí síta.

Ó pẹ́ kó tó fèsì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa ń dá àsansílẹ̀ padà?"