Ẹ yéé pe bátíìkì ní ankara: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, bátíìkì àwọn ará Indonéṣíà kì í ṣe "ankara tiwọn". Bátíìkì ló ṣáájú. Àwọn òyìnbó Dutch ló fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé ẹ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni ankara tá à ń wọ̀ lóde àríyá ti ṣẹ̀ wá.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kéèyàn ra ti ẹ̀rọ lówó tọwọ́. Bátíìkì gidi, ìda gbígbóná ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ibi tí ìda bá wà aró ò ní wọbẹ̀, ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta á ti mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀kọ tiwa, ìda tiwọn. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ yẹn padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Tójú ẹ̀ bá dúdú tẹ́yìn ẹ̀ wá ṣá, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní batik tulis, canting ni wọ́n fi ń yà á, nǹkan bàbà kékeré kan tẹ́nu ẹ̀ rí tín-ín-rín tí ìda ń kán jáde níbẹ̀, tojú tẹ̀yìn ẹ̀ ló sì máa ń hàn dáadáa. Obìnrin kan lè jókòó ti ẹyọ kan fún oṣù méjì mẹ́ta, ẹ wá ní kó gba owó ti ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín! Kò da.

Tí wọ́n bá pè yín sígbèéyàwó ní Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ẹ má wọ bátíìkì tí wọ́n ya parang sí lára, iṣẹ́ tó ń wọ́ lọ ní ìdàgẹ̀rẹ́ bí ìgbì omi. Aṣọ ọba ni láyé àtijọ́, àwọn àgbà ibẹ̀ sì gbà pé ìjà ló ń fà fún tọkọtaya. Oníṣẹ́ sidomukti ni ìyàwó àtọkọ máa ń ró, oníṣẹ́ truntum ni tàwọn òbí wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣẹ́ẹ̀tì bátíìkì alápá gígùn ni kẹ́ ẹ wọ̀, wọn kì í fi í sínú ṣòkòtò o, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́fíìsì.

Fífọ̀ wá ńkọ́? Lerak ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, èso igi kan tó ń hó bí ọṣẹ. Ẹ má fún un, abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní Yogyakarta, ìlú kan ní Java, ọṣẹ oníyẹ̀fun ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn ọ̀sán gangan, nígbà tí mo máa fi padà dé, búráùn ẹ̀ tó dà bí obì tó gbó ti ṣá pátápátá.