Bí a ṣe ń kọ ìtàn jàǹdùkú bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba láìgba irọ́ wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn yìí, kó má fi ẹnu àwọn jàǹdùkú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, ìtàn ìjà ni wọ́n ń tà báyìí, ta ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà rẹ̀ jẹ́? Ọjọ́, pápá, àti ẹgbẹ́ méjì tó pàdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìjà kúrò lára ìjàǹbá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní May 11, 1985, iná jó pápá Bradford, èèyàn 56 kú; kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ní May 29 ọdún kan náà, ní Heysel ní ìlú Brussels, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Liverpool ya lu àwọn ti Juventus. Bí wọ́n ti ń sá, ògiri wó, èèyàn 39 sì kú. Jàgídíjàgan nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá náà ti gbó. Hillsborough ńkọ́, pápá tó wà ní Sheffield, níbi tí èrò ti fún ara wọn pa ní April 15, 1989? Èèyàn 97 ló bá a lọ, ìwé ìròyìn sì di ẹ̀bi ru àwọn tó wá wòran. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ikú wọn dá wọn láre. Ẹni tó bá ka Hillsborough mọ́ jàgídíjàgan ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1960 síwájú o. Ní Glasgow ní 1909, Rangers àti Celtic ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kejì nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Scotland. Èrò ń retí àfikún àkókò. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n ya wọ pápá, wọ́n sì dáná sun ilé ìgbowó. Ohun tó yí padà lẹ́yìn 1960 ni pé àwọn ọ̀dọ́ ń wọkọ̀ lọ sílùú ẹlòmíì láti lọ gba ibi tí ọmọ onílé máa ń dúró sí.

Orúkọ ẹgbẹ́ wọn náà ní ìtàn nínú. ICF (Inter City Firm), ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú tó ń tẹ̀ lé West Ham, ara ọkọ̀ ojú irin InterCity ni wọ́n ti yọ orúkọ náà. Nígbà náà, ọlọ́pàá máa ń sin ọkọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn wọ̀nyí bá kúkú wọ èyí tí gbogbo ayé ń wọ̀. Wọ́n tún ní káàdì tí wọ́n ń fi sára ẹni tí wọ́n bá lù, tó ń kí i kú oríire pé ó ti pàdé ICF.

Bí ẹnìkan bá fọ́nnu nípa ìjà kan, ẹ wo ìwé ètò ìdíje sáà yẹn: ṣé ẹgbẹ́ méjèèjì tiẹ̀ pàdé? Ìlú ta ni? Kí ni ìwé ìròyìn ìlú náà kọ lọ́jọ́ kejì? Ẹ wádìí ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú. Ní March 13, 1985, wọ́n fa àga tu ní pápá Luton nígbà tí Millwall wá síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ lu ọlọ́pàá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ilé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú ló jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Chelsea àti West Ham.

Ẹ ka ẹjọ́ dé òpin. Wọ́n rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn Chelsea kan lẹ́wọ̀n ní 1987, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e ní 1989, torí pé àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá tó fara pamọ́ sáàárín wọn kò ṣeé gbára lé.

Ní ti iye àwọn tí ọlọ́pàá ń mú, èyí tí ìjọba ń gbé jáde lọ́dọọdún fún England àti Wales, ẹ rántí pé èèyàn ló ń kà, kì í ṣe ìjà. Ọ̀mùtí tó wọ pápá wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn òfin.