Bí A Ṣe Ń Ṣe Adelé Olùkọ́ fún Ọjọ́ Kan ní Kétu, ní Orílẹ̀-èdè Benin

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, lè gbádùn iṣẹ́ adelé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gan-an, nítorí pé ojú tuntun máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé, kò sì sí pé à ń kó ìwé gbogbo kíláàsì lọ sílé láti máa yẹ̀ ẹ́ wò lóru. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe ni ariwo yóò jẹ ní ìyà títí di ọ̀sán.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí aago 8 tó lù, kí ẹ sì gba ìwé orúkọ. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì tiyín dání. Bí ohun ìnupátákó kò bá sí, ègé fóòmù àtijọ́ tí a ká, tí a sì fi okùn so, dára ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Ẹ ka orúkọ náà sínú kí ẹ tó pè é síta, nítorí ọ̀nà Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: Adéṣínà yóò di “Adéchina”, Òjó yóò di “Odjo”. Bí ẹ bá ṣi ti àkọ́kọ́ pè, ẹ̀rín kò ní tán bọ̀rọ̀. Bí ìbejì bá wà níbẹ̀, ẹ mú wọn jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí aṣọ kakí kan náà ni wọ́n wọ̀.

Mímọ ibi tí olùkọ́ dúró sí gan-an ni ọ̀pọ̀ adelé ti ń kùnà. Ẹ má ṣe bi kíláàsì léèrè, nítorí pé èyí tí ó wù wọ́n láti ṣe ni wọn yóò pè ní ẹ̀kọ́ òní. Ẹ má sì gbára lé ìwé ètò iṣẹ́ olùkọ́ nìkan, torí pé àwọn mìíràn a máa kọ ti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú, tí wọn kò sì tíì kọ́ ọ. Ìwé àwọn ọmọ ni kí ẹ ṣí: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, nítorí pé ìwé ọmọ tí ó mọ̀wé jù lọ nìkan yóò tàn yín jẹ.

Mo ti rí adelé tí ó kọ́ àwọn ọmọ CE2 (kíláàsì kẹrin) ní pínpín láàárọ̀, nígbà tí ìwé wọn fi hàn pé ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n ṣì ń bá jà. Nígbà tí olùkọ́ wọn padà dé, títú ohun tí adelé dì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àtúnyẹ̀wò nìkan ni kí ẹ ṣe, pàápàá ní CM2 (kíláàsì kẹfà), níbi tí olùkọ́ ti ń ka ọjọ́ nítorí CEP, ìdánwò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Síléètì ni ó dára jù fún àtúnyẹ̀wò, ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní La Martinière: ẹ béèrè ìṣirò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó, ẹ kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n kọ ìdáhùn, ẹ tún un kàn kí gbogbo wọn gbé síléètì sókè. Ìdérí bírò tó fún kíkàn náà. Pàṣán kò sí nínú rẹ̀, òfin ọmọdé ti ọdún 2015 pàápàá ti kọ̀ ọ́. Ibí yìí ni adùn wà: ẹ ó rí ọmọ tí ó kọ 45 dípò 54, tí ó yọjú wo ti ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ nu tirẹ̀ wàràwàrà kí ojú yín tó dé ibẹ̀.

Fún àròkọ, ẹ ní kí wọ́n ṣàpèjúwe Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, nítorí pé kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ̀ ọ́n. Faransé ni èdè ìkọ́ni, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó kẹ́yìn pa ààlọ́ Ìjàpá ní Yorùbá, bí ọ̀gá bá gbà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò wá, ẹ̀kọ́ tí ẹ tún yẹ̀ wò àti ojú ìwé tí ẹ dúró sí, kí ẹ sì fi í sínú ìwé orúkọ. Ẹ má ṣe kọ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, àfi bí ọmọ kan bá farapa.